Bí Zillow ṣe ra ilé ní ọ̀wọ́n tó sì tà á ní gbàǹjo

Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2021, Zillow, ilé-iṣẹ́ tó ń polówó ilé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, jáde sọ pé àwọn ò ra ilé mọ́. Ẹ̀ka wọn kan tí wọ́n ń pè ní Zillow Offers, tó máa ń ra ilé lọ́wọ́ onílé, táá tún un ṣe, táá sì tà á fún ẹlòmíì, wọ́n ní àwọn máa pa á tì pátápátá. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn nìkan, wọ́n ti yọ $304 mílíọ̀nù kúrò nínú iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ilé ọwọ́ àwọn tó, torí iye tí wọ́n rà á ga ju iye tí wọ́n lè rí tà á lọ. Nínú ìkéde kan náà ni wọ́n ti sọ pé bí òṣìṣẹ́ kan nínú mẹ́rin máa pàdánù iṣẹ́. Mo fẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ èèyàn ní flipping kì í mẹ́nu bà á rárá, èrè nìkan ni wọ́n máa ń kà sí wa létí, bẹ́ẹ̀ òwò yìí ní ibi tó ti ń jẹ ojú owó èèyàn, ibẹ̀ ò sì fara sin, ó wà nínú ìṣirò tí Zillow fúnra wọn gbé jáde.

Flipping ò ju òwò àjàpá lọ o. O ra ilé, o tún un ṣe díẹ̀, o tà á kó tó pẹ́ lọ́wọ́ ẹ. O ò fẹ́ gbé ibẹ̀, o ò sì fẹ́ gba rẹ́ńtì. Àwọn tó ń ra shares, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, náà ń ṣe é, ẹni tó bá rí shares gbà nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà, tó wá tà á lọ́jọ́ kan náà tí iye ẹ̀ gbéra, flipping náà ló ṣe yẹn. Àmọ́ shares, wàá tà á láàárín ìṣẹ́jú kan, iye tó ń lọ wà lójú kọ̀ǹpútà, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ ò sì yàtọ̀ sí tèmi. Ilé ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé méjì tí wọ́n kọ́ lọ́dún kan náà, tí wọ́n fara kanra, ọ̀kan lè ní omi lábẹ́ ilẹ̀ tó ń jẹ ìpìlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú lásán ò lè rí i. Ohun tí Zillow fẹ́ ṣe ni pé kí wọ́n máa ra ilé, kí wọ́n sì máa tà á bí ẹni ń ta shares, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ ná. Rich Barton àti Lloyd Frink, àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ ní Microsoft rí, ló dá a sílẹ̀, ọdún 2006 ni ojúlé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ṣí. Ohun tó gbé wọn jáde ni Zestimate, iye tí kọ̀ǹpútà wọn máa ń sọ pé ilé kan tó, bóyá onílé fẹ́ tà á o, bóyá kò fẹ́ tà á. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, èèyàn á jókòó sílé láá máa wo iye tí ilé aládùúgbò ẹ̀ ń lọ. Owó tí Zillow ń rí, ọ̀dọ̀ àwọn ejẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti ń wá, àwọn ejẹ́ńtì ló ń sanwó kí wọ́n lè rí oníbàárà. Òwò tó dáa ni, wọn ò ra bíríkì kan, wọn ò jẹ gbèsè lórí ilé ẹnikẹ́ni.

Opendoor ló wá dé. Ọdún 2014 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ra ilé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, owó ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rà á. Ẹ̀rù ba Zillow pé tí onílé bá ń ta ilé láìwá sọ́dọ̀ ejẹ́ńtì, ta ló tún fẹ́ sanwó ìpolówó fún àwọn? Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn náà ní àwọn máa ra ilé, Phoenix náà sì wà lára ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ra ilé-iṣẹ́ kan tó ń yáni lówó mọ́gééjì, ìyẹn owó tí èèyàn ń yá fi ra ilé, òun ni wọ́n wá sọ di Zillow Home Loans. Nígbà tí Barton padà wá jókòó sípò ọ̀gá àgbà lóṣù kejì ọdún 2019, ó ní láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, àwọn fẹ́ máa ra ilé 5,000 lóṣù, kí owó tó ń wọlé látibẹ̀ sì tó $20 bílíọ̀nù lọ́dún. Ìyẹn ni pé wọ́n á ra ilé lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á tà á fún ẹlòmíì, wọ́n á sì tún yá ẹni yẹn lówó tó fi máa rà á.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ilé kan ṣoṣo ká lè rí bó ṣe ń lọ. Ká ní ilé náà ń lọ fún $400,000, àpẹẹrẹ tèmi nìyẹn o, kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó. Onílé rí iṣẹ́ ní ìlú míì, kò sì ráyè kí àwọn èèyàn máa wọlé wọ̀de wá yẹ ilé ẹ̀ wò ní gbogbo Sátidé. Ó bọ́ sórí Zillow, ó kọ iye yàrá, ó sọ bóyá wọ́n ti tún kíṣìnì ṣe, ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, iye tí wọ́n fẹ́ san ti dé. Ẹnì kan wá yẹ ilé náà wò, wọ́n yọ owó àtúnṣe, wọ́n yọ owó iṣẹ́ tiwọn, onílé sì fúnra ẹ̀ mú ọjọ́ tó fẹ́ kó jáde. Fún onílé, ìrọ̀rùn gidi ni, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ wá kù sí Zillow lọ́rùn: ẹni tó máa kun ilé, ẹni tó máa yí kápẹ́ẹ̀tì, ẹni tó máa wo òrùlé àti ẹ̀rọ amúlétutù, ẹni tó máa gé koríko iwájú ilé kó má bàa dà bí ilé tí èèyàn ti sá kúrò. Gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ, ilé ṣófo, kò mú nǹkan kan wọlé, bẹ́ẹ̀ èlé ń gun orí owó tí wọ́n yá, owó orí ilé ń lọ, ìnṣọ́ráǹsì ń lọ, iná ń lọ. Tí wọ́n bá wá tà á, ejẹ́ńtì á gba tiẹ̀. Ká ní títà nìkan gba 5 nínú 100, $20,000 nìyẹn ti lọ nínú $400,000. Tí iye ilé náà bá tún wá fi 5 nínú 100 dín sí ohun tí wọ́n rò, $20,000 míì ló tún lọ yẹn, láì tíì ka èlé. Èrè tí Zillow sì ń lé lórí ilé kan ò pọ̀, wọ́n fọkàn sí i pé iye ilé tó máa gba ọwọ́ àwọn kọjá ló máa sọ ọ́ di owó gọbọi.

Owó tí wọ́n fi ń ra ilé wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Àwọn báńkì ńlá bíi Goldman Sachs, Citi àti Credit Suisse wà lára àwọn tó yá wọn, àwọn ilé yẹn fúnra wọn ni ìdógò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 wọ́n tún bọ́ sójú ọjà bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè, wọ́n gba $450 mílíọ̀nù lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò lórí ilé tó wà lọ́wọ́ wọn, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n tún padà lọ gba $700 mílíọ̀nù míì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ẹni tó fi owó ara ẹ̀ ra ilé, tí ọjà bá tutù, ó lè jókòó kó máa retí, ẹni tó fi owó olówó rà á ò lè retí.

Mọ́gééjì náà ní ọwọ́ tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń flip kì í sì í sábà ronú kàn án àyàfi tó bá dé ọrùn wọn. Ẹni tó máa ra ilé lọ́wọ́ ẹ, lọ́pọ̀ ìgbà báńkì ló máa yá a lówó, báńkì yẹn sì máa rán ẹnì kan wá díye lé ilé náà. Ẹ̀yin méjèèjì lè ti ná an parí sí $430,000, tí ẹni tó wá díye lé e bá ní $410,000 ló tó, orí $410,000 yẹn ni báńkì máa dúró lé, ìyókù di kí oníbàárà lọ wá a nínú àpò ara ẹ̀, tàbí kí ìwọ já a wálẹ̀. Báńkì ò bá ẹ dúnàádúrà. Lẹ́yìn ìyẹn, FHA tún wà níbẹ̀. FHA jẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, kì í yáni lówó fúnra ẹ̀, onígbọ̀wọ́ ló máa ń ṣe fún báńkì, àwọn tí owó ọwọ́ wọn ò pọ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ilé àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Láti ọdún 2003 ni òfin FHA ti sọ pé tí ẹni tó ń ta ilé ò bá tíì lò ju 90 ọjọ́ lọ tó ti rà á, àwọn ò ní ṣe onígbọ̀wọ́ lórí ẹ̀. Tó bá wà láàárín ọjọ́ 91 sí 180, tí iye tó ń tà á sì ti di ìlọ́po méjì iye tó rà á tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ tún wá díye lé e lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó bí òfin yẹn burú gan-an. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn kan ń lọ ra àlàpà ilé ní owó pọ́ọ́kú, Baltimore wà lára ìlú tó ti gbilẹ̀, wọn ò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀, wọ́n á bá ẹni tó ń díye lé ilé mulẹ̀ kó gbé iye ẹ̀ sókè, wọ́n á wá tà á fún òtòṣì tó ń gbàdúrà kóun náà di onílé, lórí mọ́gééjì tí FHA gbọ̀wọ́ ẹ̀. Kò pẹ́, ẹni yẹn ò rí owó san mọ́, ilé lọ, ìjọba san gbèsè, ẹni tó flip ti kó owó lọ tipẹ́. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí ẹ̀ torí orúkọ flipping kan náà ni wọ́n fi ń bo olè mọ́lẹ̀. Wọ́n dá òfin náà dúró fúngbà díẹ̀ láti 2010 títí dé òpin 2014 nítorí ilé tí báńkì gbà lọ́wọ́ àwọn tí ò rí gbèsè san pọ̀ lójú ọjà, ó sì ti padà báyìí. Zillow ò ṣe jìbìtì yẹn o, ẹ má ṣì mí gbọ́, ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ń yára ra ilé kó tún un tà, apá kan lára àwọn tó lè rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni òfin ti sé ọ̀nà mọ́, wọn ò lè fọwọ́ sí i títí 90 ọjọ́ á fi kọjá, èlé ò sì ní dúró dè wọ́n.

Ká padà sí 2021. Nígbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020, Zillow dáwọ́ ilé rírà dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n sì padà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá lójú ọjà, kò sẹ́ni tó retí ẹ̀. Èlé orí mọ́gééjì ọgbọ̀n ọdún já débi pé nínú oṣù kìíní ọdún 2021, Freddie Mac, ilé-iṣẹ́ tó ń ra mọ́gééjì lọ́wọ́ àwọn báńkì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2.65 nínú 100, kò tíì lọlẹ̀ tóyẹn rí látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Gbogbo èèyàn ń wá ilé. Onílé tó bá fẹ́ tà, oníbàárà á ti tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, kí ló fẹ́ fi Zillow ṣe? Opendoor sì ti ṣíwájú wọn. Kí wọ́n lè rí ilé rà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé owó sókè. Lóṣù kejì ọdún 2021, wọ́n ní fún àwọn ilé kan, Zestimate tí ẹ ń wò yẹn gan-an ni iye tí àwọn máa fi bẹ̀rẹ̀ owó tí àwọn fẹ́ san. Ìwé ìròyìn Wall Street Journal kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n ní ètò kan nínú ilé-iṣẹ́ náà tí wọ́n ń pè ní Project Ketchup, pé torí kí ilé tí wọ́n ń rà lè pọ̀ ni. Ó sì pọ̀ lóòótọ́. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, wọ́n ra ilé 3,805. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, wọ́n ra 9,680. Iye tí wọ́n tà láàárín oṣù mẹ́ta yẹn? 3,032. Bí wọ́n ṣe ń ta ọ̀kan ni wọ́n ń ra mẹ́ta lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Onílé ló mọ ibi tí ilé òun ti ń jò. Ká ní ilé méjì wà, ìkọ̀ọ̀kan wọn tó $400,000 lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà ṣì í, ó ní àkọ́kọ́ tó $380,000, ó ní èkejì tó $420,000. Tí ẹ bá wò ó, kọ̀ǹpútà ò ṣe àṣìṣe tó burú, tí a bá pa méjèèjì pọ̀ tí a pín in, $400,000 náà ni. Àmọ́ onílé àkọ́kọ́ rí $380,000, ó ní rárá, ó gbé ilé ẹ̀ lọ fún ejẹ́ńtì. Onílé kejì rí $420,000, ó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan náà. Ilé wo ló wá wà lọ́wọ́ Zillow? Èyí tí wọ́n san àsanjù lórí ẹ̀ nìkan. Àṣìṣe tó yẹ kó gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ bá ẹlòmíì lọ, èyí tó ń pa wọ́n lára ló wọlé tọ̀ wọ́n. Kò sì sí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gbọ́n tó, níwọ̀n ìgbà tí onílé bá ti mọ̀ ju ẹ̀ lọ tó sì lè sọ pé òun ò tà, bí nǹkan ṣe máa rí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń rà á pọ̀ sí i, tí wọ́n ń gbé owó sókè sí i kí onílé lè gbà, bẹ́ẹ̀ ló ń burú sí i.

Zillow fúnra wọn ló ń kọ ọ́ síta pé fún ilé tí kò sí lójú ọjà, ní ìdajì ìgbà, àṣìṣe Zestimate máa ń tó nǹkan bí 7 nínú 100 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí ilé ẹ̀ ṣe ń lọ, ìyẹn dáa púpọ̀. Fún ẹni tí gbogbo èrè ẹ̀ ò ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú 100 lọ, ikú ni. Kọ̀ǹpútà mọ iye yàrá, ó mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé, ó mọ iye tí wọ́n ta ilé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kò gbóòórùn ewú tó wà lẹ́yìn ògiri bálùwẹ̀, kò gbọ́ ariwo ọkọ̀ ńláńlá tó ń kọjá lóru, kò mọ̀ pé gbogbo yàrá ilé yẹn kọjú sí oòrùn ọ̀sán. Ẹni tó ń flip ilé méjì mẹ́ta lọ́dún máa ń lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, á kan ògiri, á tú omi ẹ̀rọ sílẹ̀, á dúró ní ọgbà lálẹ́ wo irú aládùúgbò tó wà níbẹ̀, á bá ìyá àgbà ilé kejì sọ̀rọ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni òwò náà, ìyókù jẹ́ ìwé. Zillow náà ń rán èèyàn lọ yẹ ilé wò lóòótọ́, àmọ́ ilé tó lé ní 9,000 láàárín oṣù mẹ́ta, ta ló fẹ́ fara balẹ̀ tóyẹn?

Ìṣòro kejì ni ọjọ́ iwájú. Iye tí ilé tó lónìí kọ́ ni ẹni tó ń flip nílò, iye tó máa tó lóṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sí i ni. Ní ìgbà ìrúwé àti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn 2021 (ẹ̀ẹ̀rùn ti Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ), iye ilé ń fò sókè lóṣooṣù, wọ́n sì ra ilé bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló máa máa lọ. Nígbà tó di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ó dín ìrìn kù. Mo ní ó dín ìrìn kù, mi ò ní ó já. Ìwọ̀n Case-Shiller, tí wọ́n fi ń mọ bí iye ilé ṣe ń lọ, fi hàn pé iye ilé káàkiri Amẹ́ríkà lọ sókè ní 18.8 nínú 100 lọ́dún 2021. Ẹ tún un kà. Lọ́dún tí iye ilé fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbéra, ẹni tó ní ìmọ̀ ilé jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà pàdánù owó lórí flipping. Àwọn tó ń sọ pé tí ọjà bá ti ń lọ sókè kò sẹ́ni tó lè jìn sí kòtò, ohun tó yẹ kí wọ́n dáhùn nìyí.

Lóṣù kẹwàá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní ọjọ́ 18, Zillow ní àwọn ò ní ra ilé tuntun mọ́ títí ọdún á fi parí, wọ́n ní ilé tó ń dúró de àtúnṣe ti pọ̀ jù, òṣìṣẹ́ ò tó, ohun èlò náà ò sì tètè dé. Òótọ́ ni ìyẹn, gbogbo Amẹ́ríkà ló ń wá káfíńtà lásìkò yẹn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Àwọn onímọ̀ ní báńkì ìdókòwò KeyBanc lọ wo 650 nínú ilé tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n rí i pé 66 nínú 100 ni wọ́n ń pè ní iye tó kéré sí èyí tí wọ́n fi rà á. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn Bloomberg náà gbé e pé Zillow àti àwọn èèyàn wọn, wọ́n ń wá ẹni tó máa ra bí ilé 7,000 lẹ́ẹ̀kan náà, fún $2.8 bílíọ̀nù. Ọjà ti di kùtà.

Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, gbogbo ẹ̀ tú síta. Ilé 9,790 wà nílẹ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé àwọn tún máa ra 8,172 sí i. Tí ẹ bá pín $304 mílíọ̀nù yẹn sórí ilé tó wà lọ́wọ́ wọn, ó lé ní $31,000 lórí ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ní $240 mílíọ̀nù sí $265 mílíọ̀nù míì ṣì ń bọ̀ lórí àwọn tí wọn ò tíì gbà wọlé. Barton ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ó sọ fún àwọn tó ní shares pé bó ṣe ṣòro tó láti mọ ibi tí iye ilé ń lọ kọjá ohun tí àwọn rò lọ jìnnà, pé tí àwọn bá ní kí àwọn máa fẹ̀ ẹ́ sí i, ewu tó máa kó bá ilé-iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù. Mo bọ̀wọ̀ fún un lórí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ì bá ti lọ yá owó sí i kí wọ́n lè fi bo ihò tó wà nílẹ̀.

Àwọn tó ní shares jìyà ẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ kejì, iye shares Zillow já ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lóṣù kejì ọdún yẹn, ọ̀kan ń lọ ní nǹkan bí $200, lọ́jọ́ tó já yìí kò tó $70 mọ́. Àwọn tó rà á lóṣù kẹwàá nígbà tó kọ́kọ́ já, tí wọ́n ní ó ti pọ́ọ́kú, àwọn fẹ́ flip ẹ̀ tó bá padà gòkè, wọ́n tún bá a já. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dán irú ẹ̀ wò, ìbéèrè tó yẹ kó bi ara ẹ̀ ni pé kí ni mo mọ̀ nípa ohun tó wà nínú ìwé wọn tí ẹni tó ń tà á fún mi ò mọ̀? Lórí shares náà, ẹni tó ń sáré tà lè jẹ́ ẹni tó mọ ibi tó ń jò.

Títà tó kù, ní gbàǹjo ni. Pretium Partners, tí wọ́n ń ra ilé fi gba rẹ́ńtì, gbà láti ra bí 2,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó dùn mí jù níbí nìyẹn, torí ilé tí tọkọtaya kan ì bá fi mọ́gééjì rà wọ inú àpò àwọn tó ń fi rẹ́ńtì ṣòwò, kì í sì í sábà jáde níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọdún 2021 fi máa parí, ẹ̀ka ilé rírà Zillow ti pàdánù $881 mílíọ̀nù, gbogbo ilé-iṣẹ́ náà lápapọ̀ pàdánù $528 mílíọ̀nù, ẹ wò ó pé owó ìpolówó àwọn ejẹ́ńtì ló gbé ìyókù. Òun ni kò jẹ́ kí wọ́n kú. Ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ àti lóònù ra ilé kan ṣoṣo kó lè flip ẹ̀ ò ní irú ìyẹn lẹ́yìn.

Àwọn tó kù nínú òwò náà ò sinmi. Lóṣù kẹjọ ọdún 2022, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní kí Opendoor san $62 mílíọ̀nù torí wọ́n ń sọ fún onílé pé owó tó máa wọlé fún wọn máa pọ̀ ju tójú ọjà lọ, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Lóṣù yẹn kan náà ni Zillow àti Opendoor, àwọn tó ń bára wọn du ọjà tẹ́lẹ̀, jọ ṣe àdéhùn pé Zillow á máa darí onílé tó bá fẹ́ ta ilé sọ́dọ̀ Opendoor. Nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, èlé mọ́gééjì ti lé ní 7 nínú 100, oníbàárà fà sẹ́yìn, Redfin, ilé-iṣẹ́ ejẹ́ńtì míì tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà sì pa ẹ̀ka tiẹ̀ tó ń ra ilé tì.

Àwọn kan lára àwọn tó ra shares Zillow pè wọ́n lẹ́jọ́ sí kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ ní Seattle, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà ò sọ òótọ́ fún àwọn nípa bí wọ́n ṣe ń díye lé ilé àti bí wọ́n ṣe ń gbé owó sókè, lọ́dún 2024 adájọ́ sì gbà pé kí wọ́n jọ pẹjọ́ náà pọ̀ lórúkọ gbogbo àwọn tó kù. Àwọn báńkì àti àwọn tó ra bọ́ǹdì, Zillow san owó wọn padà bí ilé ṣe ń tà. Àwọn tó wá jèrè tó mọ́ jù nínú gbogbo ẹ̀ ni àwọn onílé tó fọwọ́ sí i ní ẹ̀ẹ̀rùn 2021, ní Phoenix àti àwọn ìlú míì, wọ́n gba owó tó ju tójú ọjà lọ, wọ́n kó ẹrù wọn lọ́jọ́ tó wù wọ́n, wọ́n sì fi òrùlé tó ń jò sílẹ̀ fún ẹni tó rà á.